Ilẹ̀kùn Òkun Tí Wọ́n Ní Bàbá Mi Gbàgbé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Etí Òkun.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìtàn Ìlú,
Gbọ̀ngán Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ ÌLÀ KAN KÚRÒ NÍNÚ ÌTÀN ILÉ ERÉ KÍ WỌ́N TÓ GBẸ́ Ẹ SÁRA ÒKÚTA

1. Èmi ni télọ̀ tó ń rán aṣọ ìkélé ilé eré etí òkun kí omi tó bà á jẹ́. Bàbá mi tó ti di olóògbé ni onílẹ̀kùn ibẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láti ọjọ́ Ajé tí ẹ ti lẹ ìtàn ilé náà mọ́ ògiri Gbọ̀ngán kí ará ìlú lè yẹ̀ ẹ́ wò, ara mi kò lélẹ̀. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, mo tún dìde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé.

2. Ìlà kẹsàn-án sọ pé: "Onílẹ̀kùn gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, òkun sì ba ilé eré jẹ́." Bàbá mi kò gbàgbé ohunkóhun. Ọkùnrin tó mọ àga tí oníkálukú máa ń jókòó sí ni.

3. Ilẹ̀kùn yẹn kọjú sí òkun. Bí a bá tì í, àwọn ìyàwó apẹja kì í wá wòran, nítorí wọn kò ní gbọ́ aago èbúté bí ìjì bá ká ọkọ wọn mọ́ ojú omi. Ọ̀gá ilé eré àkọ́kọ́ ló pàṣẹ pé kí ó máa wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí eré bá ń lọ. Àwọn òṣèré ló kọ́ bí a ṣe ń pariwo ju ìgbì lọ.

4. Lọ́sàn-án Sátidé tí a ṣe eré kẹ́yìn níbẹ̀, aago èbúté dún láàárín eré. Àwọn obìnrin sáré jáde, ọba orí ìtàgé tẹ̀ lé wọn tòun ti adé, gbogbo wa jọ fi okùn fa ọkọ̀ àwọn apẹja wá sétí òkun. Ọkọ̀ mẹ́fà ló gúnlẹ̀ láyọ̀. Nígbà tí a máa fi wẹ̀yìn, omi ti gba ilẹ̀kùn náà wọ ilé eré. Bàbá mi kò fi okùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó máa lọ, ilé la lè tún kọ́." A kò tún un kọ́, ó sì ń dùn mí.

5. Mo lọ bá akọ̀wé yín. Ó fi ìwé àkọsílẹ̀ ilé eré hàn mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ewé tó kẹ́yìn sọ pé: "Ilẹ̀kùn òkun: ó wà ní ṣíṣí." Ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀bi. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí ewé tó ṣáájú. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀, ó sì wà ní gbogbo ewé, torí olùdarí kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìkọ ọ́. Akọ̀wé gbà pé òun ṣìṣe, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè yí i padà.

6. Ọjọ́ Jímọ̀ ni agbẹ́kùúta yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ìlà náà, kí ẹ sì kọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ìyá mi ti ní iwájú lòun yóò jókòó lọ́jọ́ tí ẹ ó ṣí aṣọ lójú òkúta náà. Kò mọ̀wé kà. Èmi ni yóò ní kí n kà á sókè fún òun.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀,

Ọmọ Onílẹ̀kùn,
Télọ̀ Ilé Eré nígbà kan rí.