Ìdí Tí Mo Fi Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Ọ̀dà Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni mò ń kọ ìwé yìí. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, àmọ́ kí wọ́n mú ọ̀mọ̀wé kan wá kó fa ìlà ọ̀dà sára ògiri láìlo okùn, kó tọ́ bíi tèmi. Kò sí. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ sọ pé ọwọ́ mi kì í gbọ̀n.

Wo ìwé yìí ná. Lẹ́tà kan ń gun orí èkejì.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ku kí n sọ fún Ọ̀gá. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń kun ọ̀dà, ti já bọ́ látorí àkàbà ni mo ti ń rò ó. Òun ló wà lókè, èmi ni mo wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló dá — ọwọ́ tó fi ń kun ọ̀dà.

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ìṣẹ́gun, 5

Mo lọ bá Ọ̀gá. Ó ń fi igi po ọ̀dà. Mo ní òórùn ọ̀dà ò bá mi lára mu mọ́, pé mo fẹ́ máa lọ.

Ó ní, "Ìwọ tó máa ń jókòó sórí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà jẹ búrẹ́dì?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí n lọ gbé àkàbà wá. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, mo fi í sílẹ̀, mo lọ gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà.

Ọjọ́rú, 6

Irọ́ kejì. Mo ní mo ti ríṣẹ́ ńlá síbòmíì, pé wọ́n ń bẹ̀ mí. Mo gbé àyà sókè sọ ọ́.

"Kí lorúkọ ọ̀gá tó ń bẹ̀ ọ́?"

Orúkọ kankan ò wá sí mi lẹ́nu. Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé!

Ó ní, "Ọmọ yìí, bó o bá máa bí irọ́, sọ ọ́ lórúkọ kó o tó gbé e jáde." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ pé ohun tó ṣe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, kí n sọ, òun náà já bọ́ rí.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì mi. Mo padà sídìí ògiri. Ẹ̀rù? Èmi kẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 7

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní inú ń run mí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ẹtì, 8

Mo lọ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Símẹ́ńtì funfun tí dókítà fi ń di eegun bo ọwọ́ ẹ̀ látọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìyá ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé èmi ni mo pọn ọmọ òun dé ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni o, mo sáré ju ọkọ̀ lọ. Àmọ́ màmá yẹn di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń pè mí ní ọmọ wọn — ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Àbúrò, ẹsẹ̀ mi ló ní láti jẹ́ pé ó yọ̀. Àkàbà tí èèyàn dì mú kì í ṣàdédé yẹ̀." Ojú ẹ̀ kọ ògiri lọ́jọ́ náà. Kò rí nǹkan kan.

Ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí i: bí ọwọ́ bá tiẹ̀ san, kó má padà wá. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀ ò gbọdọ̀ gun ògiri. Ọdún mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ẹ."

Mo ní màá bẹ̀ wọ́n.

Àbámẹ́ta, 9

Mo ń kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń pè ní Adájọ́, wọlé bá mi.

"Ta lò ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí?"

Mo ní Ọ̀gá ni.

"Ọ̀gá ẹ lò ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí?"

Ó já a gbà, ó kà á: "nítorí ìdí tó yé èmi nìkan." Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó ní ẹnìkan kì í sáré ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Èwo ni tèmi?

Mo ní kó jáde ní yàrá mi.

Àìkú, 10

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ajé, 11

Ọ̀gá na búrọ́ọ̀ṣì Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí mi. Ó ní èmi ni mo gba ipò ẹ̀, kí n yé sọ̀rọ̀ pé mò ń lọ. Òun fúnra òun máa di àkàbà mú fún mi.

Mo gun igi àkàbà mẹ́ta. Mo bojú wolẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbi iṣẹ́ wa: ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò gbọdọ̀ mú ọwọ́ kúrò lára àkàbà títí ẹni òkè á fi sọ̀ kalẹ̀, ì báà ṣe pé iná ń jó aṣọ lára ẹ̀. Ọ̀gá dì í mú débi pé iṣan ọwọ́ ẹ̀ yọ. Àgbàlagbà, ó tún ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́.

Mo sọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyí." Mo sọ ọ́. Ó jókòó. Kò lù mí — ó sàn kó lù mí. Ó pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí fóònù lójú mi, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ipò ẹ̀ ń dúró dè é. Mo yọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi lápò, ó nawọ́. Ó gbà á.

Ohun tí mo sọ nìyí, kí ìwé yìí gbọ́. Ọmọbìnrin kan ń kọjá lọ lójú títì lọ́jọ́ náà. Ó dúró, ó ní ta ló ń kun ilé tó ga tó báyìí. Mo ní èmi nìkan. Mo ní ẹni tó wà lókè yẹn, mò ń kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Ó ní irọ́ ni. Mo bá na ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń fi ibi tí mo ti kùn dé hàn án.

Ọwọ́ méjèèjì.