Eruku Irin Tí Ẹ Lọ̀ Sórí Aṣọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé ara yín le, torí láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ibà pàápàá máa ń rò ó dáadáa kó tó wọ ara yín. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ìyá wa púpọ̀púpọ̀. Èmi náà wà ní àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ló ti wá.

Ẹ óò rí i pé mo ṣì ń fi ẹ̀yin pè yín. Ìyá wa ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má kà á sí ọ̀wọ̀.

Wọ́n ní ẹ ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo fi ilé bàbá wa sílẹ̀ torí pé mo di olówó oṣù, orí mi sì wú. Irọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ẹnu yín nìkan ni ìyá wa á ti gbọ́ ọ. Ẹ kà á sí wọn létí, ẹ má sì fo ibì kankan.

Nígbà tí bàbá wa kú, irin yín ló bọ́ wa. Mi ò ní sẹ́ ẹ láé. Géètì àti irin ojú fèrèsé tí ẹ ń jó ló rán mi níléèwé. Èmi náà sì kun géètì fún yín títí òórùn ọ̀dà fi di òórùn ara mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jórin, kí lẹ sọ? Ẹ ní, "Ọ̀dà ni kó o máa kùn. Iná kì í ṣe eré ọmọbìnrin." Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ mi. Nígbà tí mo wá rí ilẹ̀kùn mìíràn, ẹ tún bínú.

Iléèwé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ rán mi lọ gbé irin fèrèsé fún ni mo ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Iléeṣẹ́ kan ń wá àwọn tí ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n, tí wọ́n fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bátìrì ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn. Ọwọ́ tí mo fi ń kun àárín òdòdó irin lára géètì láìjẹ́ kí ọ̀dà kán sílẹ̀, òun náà ni wọ́n dán wò, òun ni wọ́n sì gbà. Mo sáré wálé wá sọ fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín fi bá yín rín in. Ẹ ní, "Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lo fẹ́ máa dì?" Mo ní ti mọ́tò ni, mọ́tò tí kì í mu epo. Ẹ ní, "Tí kò bá mu epo, ṣé ọtí ló máa mu?" Nígbà tí ẹ sì gbọ́ pé wọn kì í fẹ́ ká làágùn níbẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀lẹ náà, torí ẹ ò béèrè rí. Abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là ń tò léra nínú bátìrì, oríṣi méjì, ọ̀rá kan tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ ló sì wà láàárín wọn kí wọ́n má baà fara kanra, bí ògiri tí wọ́n mọ sáàárín orogún méjì. Bí ẹyọ eruku irin kan bá bọ́ síbẹ̀, á dá ọ̀rá yẹn lu, bátìrì náà á gbóná, ó sì lè gbiná nígbà tí èèyàn wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí yàrá iṣẹ́ wa fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé ètè wa máa ń là. A kì í fi ìpara para, a kì í fín lọ́fínńdà, a kì í kun èékánná. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa, Má-Fọwọ́-Kàn-Án là ń pè é lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ṣì ń dán mi wò nígbà náà. Bí àkókò ìdánwò bá pé láìsí àléébù, wọ́n á gbà mí pátápátá. Bí àléébù bá wà, ó di ó dàbọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n máa ń fi irin òòfà, tó ń fa eruku irin jáde, gbá ara wa. Ti gbogbo èèyàn á mọ́, tèmi á dúdú, torí inú ọgbà ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù yín wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọmọ Alágbẹ̀dẹ. Mo wá bá yín, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, iwájú ilé nìkan ni kí ẹ ti máa lọ irin, kí n lè máa rí ẹ̀yìn ilé sá fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tí à ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wò mí látòkè délẹ̀, ẹ ní, "Irin tó tọ́ ẹ dàgbà ló wá di ìdọ̀tí lójú ẹ?" Ìyá wa dá sí i, ẹ sì gbà níwájú wọn. Ẹ ní ẹ ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo sá aṣọ náà sẹ́yìn, mo sì lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan. Mi ò tíì yọ sí títì dáadáa tí ẹ fi gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ irin, tí ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé, tí ẹ fìdí kalẹ̀ sábẹ́ okùn aṣọ mi. Ìyàwó yín ló padà sọ fún mi, ẹ má bá a jà. Òtítọ́ ló sọ. Ó ní òun fẹ́ ká aṣọ náà, ẹ ní kó fi sílẹ̀. Ó ní ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Jẹ́ kí irin náà sìn ín débi iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ilé tó ti jáde wá." Nígbà tí mo fi máa dé, ẹ ti gbé ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀. Mo gbọn aṣọ mi, mo ká a, mi ò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, òòfà ẹnu ọ̀nà ò rí eruku náà, torí inú ìṣẹ́po fìlà ló sá pamọ́ sí. Mo wọlé, mo ń to abala lé abala. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń yẹ bátìrì wò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn tèmi nù. Wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n bá eruku dúdú nínú rẹ̀. Wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n kó wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń yẹ̀ wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì kan fìlà mi, wọ́n bá eruku náà nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Gbogbo ohun tí a ṣe láàárọ̀ yẹn ni wọ́n kó dànù, tèmi àti ti àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sunkún.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Irin ò lẹ́sẹ̀. Ta ló gbé e wá?" Mo ní ṣọ́ọ̀bù ajórin wà nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Mo sì gbèjà yín! Mo ní ẹ ti ṣèlérí fún mi, pé bóyá atẹ́gùn ló gbé e. Ó wá ní, "Ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ dáa. Ṣùgbọ́n ilé tó o ń gbé àti iṣẹ́ tó o ń ṣe ò lè gba ara wọn mọ́. Mú ọ̀kan, kó o sọ fún mi lọ́la."

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ fi sílẹ̀. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní mi ò lè torí bátìrì fi ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi sílẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi dágbére fún ọ̀gá wa. Ìgbà yẹn ni ìyàwó yín wọlé, tó ti ilẹ̀kùn, tó sọ fún mi ohun tí ẹ ṣe. Mo di ẹrù mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ dúró lẹ́nu géètì, ẹ ń wò mí. Ẹ ò bẹ̀bẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ purọ́ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ kàn ní, "Tí bátìrì ẹ bá kú, wàá padà wá."

Kò kú o. Lánàá ni wọ́n gbà mí pátápátá. Ọ̀gá wa tún ní kí n máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń to abala. Èmi tí ẹ ní kí n má fọwọ́ kan iná, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò kọ́ṣẹ́ báyìí.

Ẹ ń pè mí ní abaramóorejẹ. Mo mọ oore yín, mo lè kà á ní àkàtúnkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bọ́ kì í ṣe ẹni tí a rà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n máa kun géètì títí màá fi darúgbó, ẹ ì bá ti sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń rán mi níléèwé, n kì bá tí yọ ara mi lẹ́nu.

Inú ń bí mi sí yín. Mo ń fọ eyín láàárọ̀, inú ń bí mi. Mo ń to abala, mo rántí ẹ̀rín yín, àfi kí n dá ọwọ́ dúró ná. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi tí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sáré lọ sọ fún, ẹ̀yin ni. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ìyá wa. Kó fún ìyàwó yín ní sùúrù tí ẹ̀yin ò ní. Kó sì ṣọ́ ojú yín lọ́wọ́ iná, torí mo mọ̀ pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gíláàsì ajórin tí mo rà fún yín. Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n lórí irin láéláé.

Èmi ni,
Àbúrò yín kan ṣoṣo, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.

Mo tún rántí: ìyá wa ránṣẹ́ pé kí n wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní wá. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn fúnra yín. Bí ẹ bá ní ohunkóhun láti bá mi sọ, ilé alájà kan tó wà lẹ́yìn ilé àwọn alágbàfọ̀ ni mo wà, yàrá tó kángun sí ẹ̀rọ omi. Ọ̀sán ni kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ fọ eruku irin kúrò lórí yín dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé.