Kò Sẹ́ni Tí Yóò Bá Mi Tẹ Ẹ̀yìn ní Ẹdẹ

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú oko, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí Màámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn. Ṣé òjò ń rọ̀ dáadáa ní Ṣakí? Ojoojúmọ́ ló ń rọ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń jí dìde báyìí. Mi ò fò dìde mọ́. Màá kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, màá kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, màá rọra sọ wọ́n kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, màá wá fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara mi sókè. Màá jókòó díẹ̀. Màá di irin fèrèsé mú kí n tó nàró. Tí mo bá dé ìdí kànga, ìdajì báákẹ́ẹ̀tì ni mò ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń lọ kí omi ìwẹ̀ tó pé. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì máa ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò tíì bi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú, mo ní ara mi le. Irọ́ ni, ẹ má bínú. Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ yìí, tí olùkọ́ bá pe orúkọ mi tí mo dáhùn, ó lè jẹ́ òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọjá létí pápá, bọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ tààrà sí ojú mi, mo gbá a mú. Ṣíkírá, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, pariwo pé àwọn ti rí kípà. Bí mo ṣe di aṣọ́lé nìyẹn. Kípà ni wọ́n ń pè mí títí dòní. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ mi tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wọn kì í jẹun ní Ṣakí ni. Ẹ ò lè mọ bí yẹ̀yẹ́ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn yìí bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ti rin, mo fò mú bọ́ọ̀lù kan, mo sì fi ìbàdí lulẹ̀ gbì. Mo dìde, mo ní kò sí nǹkan kan. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni a máa bá ẹ̀ka mìíràn gbá, a ò sì ní aṣọ́lé mìíràn. Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí, wọ́n á wá ẹlòmíràn, kò sì ní sí ẹni tó máa tún pè mí.

Nílé, tí ẹ bá ti oko dé, ẹ máa ń dojú bolẹ̀, ẹ máa ní kí n wá bá yín tẹ ẹ̀yìn. Màá di ògiri mú, màá máa rìn láti ìbàdí yín dé èjìká, ẹ̀yin á máa ní ibẹ̀ yẹn gan-an, ibẹ̀ yẹn gan-an. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní níbí, mo ro ẹni tí mo lè pè kó wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Kò sí. Ni mo bá yá ọmọ odó ìyá onílé, mo gbé e sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn lé e, mò ń yí lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìrora náà ti gba ìdí sọ̀kalẹ̀ wá sí itan òsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ kí ìyá onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò sì lè dìde mọ́. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń dúró gbà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí: màá kàwé yege, màá rí ọkọ rere fẹ́. Mò ń ṣe àmín. Bí mi ò ṣe dìde ni wọ́n ń fi kún un, wọ́n ti dé orí àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí kí wọ́n tó rí omi lójú mi. Wọ́n ní ṣé Ẹ̀mí ló bà lé mi ni. Mo ní rárá, Mà, ẹ̀yìn ni. Wọ́n ní kí ló dé tí mo jẹ́ kí àwọn gbàdúrà dé orí ọmọ kí n tó sọ.

Àwọn ló mú mi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà kan lójú ọ̀nà Ṣẹkọ́nà, obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ fífi ọwọ́ tọ́jú eegun ẹ̀yìn àti oríkèé, tí àwọn eléré ìdárayá máa ń lọ bá. Mo ti rò pé ṣe ni wọ́n máa fà mí lọ́rùn. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí: ṣé ẹsẹ̀ mi ń kú tipiri, ṣé mo lè dá ìtọ̀ dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òòlù rọ́bà kan orúnkún mi. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ odó, dókítà ní ta ló sọ fún mi pé iṣu ni ẹ̀yìn mi. Ìyá onílé ní àṣé ohun tí mò ń yá a fún nìyẹn, àwọn sì rò pé mo fẹ́ràn iyán ni.

Dókítà ní iṣan tó ń ti ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ ló ń bínú, igi tí mò ń yí lé ló sì tún dá kún un. Wọ́n wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn mi díẹ̀díẹ̀. Níbì kan, ó dún pó. Wọ́n ní kì í ṣe pé eegun padà sí àyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú oríkèé lásán ni, kí n má lọ máa fà á kó dún fúnra mi. Àwọn ló kọ́ mi bí mo ṣe ń dìde báyìí. Wọ́n ní kí n máa rìn, kí n má kàn sùn sílẹ̀, kí n sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ẹsẹ̀ bá kú tàbí tí ìtọ̀ bá ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo béèrè bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àwọn tó tún wò ó.

Bàbá mi, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀, mò ń sunkún, dókítà sì ń bi mí pé ṣé ọwọ́ àwọn ti le jù ni. Mo ní rárá, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣíkírá ti bi mí ìdí tí mi ò fi wá sí pápá. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé mò ń jẹun. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo ará oko. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, iṣu á ta, ara kò ní ni yín.

Lọ́la, ní aago mẹ́rin, mo fẹ́ lọ bá Ṣíkírá ní pápá, kí n sọ òtítọ́ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́lé, màá yá a ní ìbọ̀wọ́ mi, màá sì dúró sẹ́yìn àwọ̀n kí n máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ fún un. Màá ní láti pariwo kó tó lè gbọ́ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́