Ọ̀nà Yangí Tí Mi Ò Gbé Yín Dé

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Mo ti dé abúlé yín. Mo gbé kẹ̀kẹ́ yín dé ibẹ̀, mo sì gùn ún lórí ọ̀nà tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé yìí láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Èkó, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó, ọwọ́ mi á kọ̀.

Ibi tí ẹ ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òkòkò, ẹnì kan ti gbé tábìlì síbẹ̀, ó ń ta ṣájà àti àpò fóònù. Abọ́ omi tí ẹ fi ń wá ibi tí túùbù ti ń jò ló fi ń fọwọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó sọ́jà kan fa kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ láti bárékè wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìyànà Ìbá, ó ń bèèrè Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Mo ní ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní ṣé ẹ ti kó lọ sí ibòmíì ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mi ò bá sọ?

Inú bárékè yẹn náà lẹ ti kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Sunday tí ọkọ̀ ò pọ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi eyín di ìdérí fáàfù mú tí ẹ bá ń fẹ́ táyà, débi pé tí mo bá bá yín sọ̀rọ̀, imú lẹ fi ń dá mi lóhùn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń lu agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó wọ àgbàlá, bí ẹni pé ilé ọ̀hún kì í ṣe tiyín. Tí ẹ bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ó gba orí òkè méjì kọjá wọnú igbó ọ̀pẹ. Ẹ ní láti ìgbà tí afárá ti wó, mọ́tò kankan ò gbabẹ̀ mọ́, àfi ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Bàbá yín ń dá ẹmu, ẹ̀yin lẹ sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá sílé, kẹ́ẹ̀gì méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò fẹnu kàn án rí, nítorí màmá yín ti fi yín sí ilé kéú. Òórùn rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bó ṣe rí.

Nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yé gun kẹ̀kẹ́ lọ sí títì. Ẹ ò gbọ́. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì kan fi ẹ̀gbẹ́ gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín, tí wọ́n gbé yín wálé láti etí gọ́tà, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún yín, ẹ̀rù ló bà mí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra ṣéènì àti àgádágodo, mo so kẹ̀kẹ́ mọ́ irin fèrèsé. Inú báàgì mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé.

Ẹ ò pariwo. “Mi ò bá ẹ jà,” lẹ wí. “Ojú mi ò gbé títì Òkòkò mọ́, mo mọ̀. Àmọ́ gbé mi lọ sílé. Kò sí mọ́tò lọ́nà yẹn. Tí mo bá dijú gan-an, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n.”

Mo ní kò burú, tí aṣọ Iléyá bá ti kúrò lọ́wọ́ mi. Iléyá lọ, aṣọ ìgbéyàwó dé. Ìgbéyàwó lọ, òjò dé, mo ní ọ̀nà á ti bàjẹ́. Òjò dá, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé dé. Títí Iléyá méjì míì fi yí po. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún yín o. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, mo gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin wá ń gbé àga yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ń fọwọ́ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, ẹ ń gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń dún. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsinmi. Ó máa ń bí mi nínú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tiẹ̀ pariwo pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí etí mi sinmi. Ẹ dáwọ́ dúró. Ṣé ẹ rántí? Èmi ò gbàgbé.

Ọ̀sán Thursday kan ni ará ilé pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo sáré dé, ẹ ti lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kírun sí yín lára, ilẹ̀ Èkó ti gbà yín.

Ìyá Gànì, àbúrò yín kan ṣoṣo tó kù, tí wọ́n ń gbé lábúlé, ò wá, àní fún àdúà ọjọ́ kẹjọ tí a ránṣẹ́ pè wọ́n sí. Mo rò pé ọ̀nà ló jìn sí wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo ṣí àgádágodo, mo ní kí wọ́n bá mi gbé kẹ̀kẹ́ sórí bọ́ọ̀sì, mo wá Ìyá Gànì lọ sí abúlé. Wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n rokà fún mi, àmọ́ wọn ò dárúkọ yín. Mo ní bóyá ọgbẹ́ ló ń dùn wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ táyà, mo gba ọ̀nà yín lọ. Bàbá, ó rí bí ẹ ṣe wí. Yangí pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ ń ta pàrà lábẹ́ táyà, igi ti fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn lókè, òjìji bo gbogbo ilẹ̀. Kò sí họ́ọ̀nù, kò sí kọ̀ndọ́. Mo gbọ́ èémí ara mi. Òkè àkọ́kọ́ lé mi sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, mo ń tì í, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin kan wà lókè ọ̀pẹ, ó fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọn, oyin ń kùn yí i ká. Ó kígbe sí mi látòkè: “Àǹtí, ẹ rọra o! Yangí ń yọ̀ níwájú o!” Òórùn ẹmu tútù ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo dé orí òkè, ọ̀nà wá dà sílẹ̀ níwájú mi títí dé odò. Mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì, mo tú bíréèkì sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbá ìborùn mi sẹ́yìn. Inú mi dùn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè, kí n tó rántí ẹni tó ni ayọ̀ yẹn.

Mo jókòó sétí odò, níbi tí wọ́n tẹ́ pákó sí dípò afárá, mo ń sunkún. Ibẹ̀ ni Ìyá Gànì bá mi nígbà tí wọ́n ń lọ sóko. Wọ́n sọ agbọ̀n wọn kalẹ̀, wọ́n jókòó.

“Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi tàn mí,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Mo gbá yàrá, mo pààrọ̀ ẹní. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á ní iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́! Ìdí tí mi ò fi wá sí Èkó nígbà tí ẹ ránṣẹ́ nìyẹn. Mo ní ẹni tí ò ráyè tèmi nígbà tó wà láàyè kó má retí mi.”

Bàbá, ọdún méjì yẹn, kẹ̀kẹ́ ta lẹ tún ṣe? Ẹ ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ká má tíì sọ ihò túùbù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ gbé sórí ara yín, ẹ gbé e fún àbúrò yín lọ́jọ́ Jímọ̀ gbogbo, kí ó má bàa bínú sí mi.

Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ ti kú, ìbínú wọn ò lè ṣe yín ní nǹkan kan, èmi á sì padà sí Èkó. Mo rò ó, mi ò ní purọ́ fún yín.

“Ìyá Gànì,” mo ní, “wọn ò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Èmi ni mo so kẹ̀kẹ́ wọn mọ́ fèrèsé. Wọ́n ní kí n gbé wọn wá, èmi ni mi ò gbé wọn wá.”

Wọ́n yíjú sí mi. “Kí ló fà á tó o fi so ó?”

“Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, mà.”

“Wọn ò sọ fún mi.” Wọ́n fi etí gèlè bo ojú. “Ẹ̀gbọ́n mi kú, mo jókòó sílé, mo ń bú wọn. O gbọ́? Mo ń bú òkú.”

Wọn ò lọ sóko mọ́. Wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n ṣíwájú, mo ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn títí a fi délé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo ti kẹ̀kẹ́ yín wọ yàrá tí wọ́n gbá dè yín, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sìn mí dé gáréèjì. Mo kúnlẹ̀. “Má pè mí,” ni wọ́n wí. “Tí inú mi bá rọ̀, mo máa pè ẹ́.”

Oṣù méjì rèé. Wọn ò tíì pè.

Kí ló dé tí ẹ ò jágbe mọ́ mi, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò já báàgì gbà lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́? Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ títí dé ọjọ́ Thursday yẹn ni, àbí ẹ ti mọ̀ pé mi ò ní gbé yín lọ, ẹ kàn ń bo àṣírí mi? Èwo nínú méjèèjì ló sàn fún mi, mi ò mọ̀.

Mi ò gbàdúrà pé kí inú Ìyá Gànì tètè rọ̀. Ìbínú wọn ti kúrò lórí yín. Orí mi ló wà báyìí, ibẹ̀ náà ló yẹ kó ti wà látẹ̀yìnwá. Ẹ sinmi. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ wá.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dé.