Fáàfù Mọ́kànlélógójì Nínú Orí Uncle Ajíbádé

Ojúlé Kẹsàn-án, Ilé Marlstone,
Peckham, London.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Àwọn Ilé-Ìwé Àtijọ́,
Peckham, London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ SÚN BỌ́ÍLÀ ILÉ-ÌWÉ TARN LANE SÍ ỌDÚN 2033

1. Èmi ni mo ka ìwé ètò àtúnṣe yín, olójú-ewé ọgọ́fà, láti páálí dé páálí lẹ́ẹ̀mejì, lórí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo láti Lewisham sí Peckham, mo sì tún ráyè jẹ ṣípì, ọ̀dùnkún díndín. Láti ibí dé Catford, kò sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mọ ilé yẹ̀ wò tó mi. Ẹ ní kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ ní èdè ilé rẹ̀. Èmi ni mo kọ èyí; Mummy ló fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

2. A dúpẹ́ pé káńsù fẹ́ yá owó láti tún ilé-ìwé wa ṣe. Òrùlé, fèrèsé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ipele kìíní. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé-ìwé gbóná, ẹ sún un sí ipele kẹta, ìyẹn ọdún 2033. Ẹ kọ ọ́ pé: "Ó wà ní ipò tó dára, kò kánjú."

3. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n lé mi jáde ní kíláàsì nítorí pé mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé a ti kó Ìṣirò lọ sí Croydon. Ìjìyà mi ni kí n bá Uncle Ajíbádé, olùtọ́jú ilé-ìwé wa, kó àga gbọ̀ngàn. Nígbà tí a kó o tán, mo tẹ̀ lé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀.

4. Ẹnu mi là, kò sì tíì padé tán títí di òní. Bọ́ílà náà tóbi ju yàrá mi lọ. Páìpù yọ lára rẹ̀ lọ sí ibi gbogbo, pẹ̀lú fáàfù mọ́kànlélógójì, ìyẹn àwọn irin róbótó tí a fi ń ṣí omi gbígbóná tí a sì fi ń sé e. Kò sí nọ́ńbà lára ẹyọ kan. Uncle fi sípánà kan páìpù kan, kó! kó! Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní: "Òtútù ti ń mú Mrs Irewọlé. Sáré lọ wò ó." Mo gun àjà mẹ́ta dé kíláàsì olùkọ́ náà. Mrs Irewọlé ń wọ kóòtù lọ́wọ́! Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ padà, Uncle ti yí fáàfù kan, wọ́n ti jókòó ti tíì wọn.

Mo bi wọ́n pé níbo ni àwòrán páìpù wọ̀nyí wà. Wọ́n ní omi ti bà á jẹ́ kí wọ́n tó gba àwọn síṣẹ́, ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Wọ́n fọwọ́ kan orí: "Ibí ló wà, Roqeeb. Irun tó bò ó náà sì ti ń lọ."

5. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín wá ní oṣù Kejì, gbogbo hítà gbóná. Kí ni kò ní gbóná? Uncle ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti aago márùn-ún àárọ̀, bí ìṣe wọn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ kò yẹ bọ́ílà wò. Uncle Ajíbádé ni ẹ yẹ̀ wò, ẹ sì rí i pé wọ́n wà ní ipò tó dára. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì.

6. Uncle gbàgbé gíláàsì wọn sílé, ni wọ́n bá ní kí n ka ohun tí ẹ kọ nípa bọ́ílà sí etí àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Wọ́n mà yìn mí o." Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ lé páìpù. Wọn kò mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà yìí.

7. Mo bẹ̀ yín, kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn tó pé, ẹ rán ẹnjiníà kan wá, kí ó bá Uncle sọ̀ kalẹ̀, kí ó ya àwòrán ohun tó wà ní orí wọn, kí ó sì fi nọ́ńbà sára fáàfù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́ílà wá sí ipele kìíní. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní oṣù Kìíní, a ó wà nínú ilé olórùlé tuntun, a ó máa fi ìbọ̀wọ́ kọ ìdánwò.

8. Mo ní ìjẹ́wọ́ kan. Ìpínrọ̀ kìíní ni mo ti parọ́. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni mo kà nínú ìwé yín, èyí tí mo kà sókè fún Uncle. Àwọn fáàfù ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí ọmọdé.

Èmi ni tiyín, láti ìpínrọ̀ kejì lọ,

Roqeeb Adésànyà,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kọkànlá àti Akó-Àga Gbọ̀ngàn.