Ọkọ̀ Bàbá àti Igi Àtẹ̀gùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Bàbá ti dé. Àpò méjì, rédíò, ọ̀pá. Títì tuntun máa gba orí ilé wọn kọjá, katakata sì ti wọ ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ojú Bàbá ti lọ, ó di ọdún kẹta, ìmọ́lẹ̀ fírífírí nìkan ni wọ́n ń rí. Wọn ò rí bí ilé ṣe ń wó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí awakọ̀ wa pa ẹ́ńjìnnì kí àwọn lè gbọ́ ọ. A jókòó, a gbọ́ ọ. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ohun tí mo rí gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó wó o: ilẹ̀kùn méjì, fèrèsé onígi kan, àti igi ìdìmú àtẹ̀gùn, lódindi. Ó-Kù-Díẹ̀ ló bá mi tú wọn. Káfíńtà ni, ọ̀dọ̀ Bàbá ló ti kọ́ṣẹ́. Bí o bá bi í ìgbà tí iṣẹ́ máa parí, "ó kù díẹ̀" náà ni. Ó ti ń kù díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Bàbá forí gbá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní ilẹ̀kùn mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́rú, 5

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì pè. Àkọ́bí Bàbá, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀gá tèmi náà lórí fóònù. Ó bọ́ lẹ́nu mi pé Bàbá forí gbá nǹkan. Ta ló bi mí?

Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ló yẹ kí Bàbá wà. Ilé wọn rèé: àjà kẹrin, ìlú míràn, kò sẹ́ni nílé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bàbá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ rí. Bàbá ní orí àga ni wọ́n gbé àwọn sí, bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà.

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, rárá ò jáde. Ohun tó jáde ni: "Ẹ jẹ́ kí n tún ọkọ̀ Bàbá ṣe tán ná. Ọjọ́ tó bá parí, òun ni màá fi gbé wọn wá." Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ sún ọjọ́ síwájú ni. Ọpẹ́lọpẹ́ rédíò tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọn ò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Arúgbó – orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ náà nìyẹn. Ó dàgbà jù mí lọ. Iwájú rẹ̀ irin, ẹ̀yìn rẹ̀ igi. Ọdún tí Bàbá fẹ́ ìyá wa ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan ẹ̀yìn igi náà sí i. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n là: ìlàjì lọ sára ọkọ̀, ìlàjì lọ sára àtẹ̀gùn ilé. Àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà.

Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú gáréèjì mi. Mẹkáníìkì ti jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dìde lóṣù tó kọjá. Èmi, ìjókòó ni mò ń rán jẹun – ìjókòó ọkọ̀, ìjókòó ilé – mo ti rán tirẹ̀ tán. Igi ló kù. Ìgbà tí ojú Bàbá ṣì ń ríran ni mo ti ṣèlérí fún wọn pé wọ́n máa tún gùn ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ó-Kù-Díẹ̀ parí iṣẹ́ kan. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ̀rí lè wà.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ti wà lẹ́nu yàrá Bàbá, ìkejì wà ní ilé ìwẹ̀, fèrèsé wọn wà ní ibi tí ibùsùn wọn kọjú sí. Igi ìdìmú náà ti wà lára àtẹ̀gùn mi. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá nílé Bàbá, mọ́kànlá nílé mi. Ó-Kù-Díẹ̀ ní Ọlọ́run ló bá wa wọ̀n ọ́n. Bàbá gbé ọwọ́ lé igi náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò họ ọ́ bí ẹni ń họ ẹ̀yìn ọmọ. Wọ́n gòkè. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún gòkè. Èmi dúró nísàlẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, omi ti kún ojú mi.

Wọn ò forí gbá nǹkankan lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo rí iṣẹ́ fún Bàbá. Síkúrù idẹ tó ń di ẹ̀yìn igi Arúgbó mú, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Orí wọn fẹ̀, irú wọn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́. Bàbá jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, agolo wà lórí itan wọn. Wọ́n ń fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka ṣà wọ́n: gígùn lọ́tọ̀, kúkúrú lọ́tọ̀. Wọ́n ń súfèé.

Ọjọ́bọ̀, 13

Síkúrù: mẹ́tàlélógún. Mo gbá gáréèjì látòkè délẹ̀. Kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Òpó apá òsì lẹ́yìn Arúgbó ti jẹrà. Ìka mi wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ búrẹ́dì. Ibẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ó-Kù-Díẹ̀ tẹ igi tuntun, ẹ̀ẹ̀mejì ló kán. Ibi kan ṣoṣo ni mo ti mọ igi tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì gbẹ dáadáa: ìsàlẹ̀ igi ìdìmú àtẹ̀gùn. Bàbá ló gbẹ́ méjèèjì. Ó jọ pé wọ́n fi ìkan wọn ìkejì ni.

Ó-Kù-Díẹ̀ ò fẹ́. Ó ní, "Bàbá ńkọ́?" Mo ní kó gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀, kó nípọn bákan náà, ká kun fánísì kan náà sí i. Mo ní Bàbá ò kúkú ríran, kí ni wọ́n máa fi mọ̀? – Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò ní pa á rẹ́.

Ó ti lọ gbẹ́ ẹ. Ó kù díẹ̀, ló wí.

Síkúrù: ogún.

Ọjọ́ Ajé, 17

Bàbá ń sùn lọ́sàn-án. A gé ìsàlẹ̀ igi ìdìmú, a fi tuntun sí i. Kò tó wákàtí kan. Èyí tí a gé wọ ara Arúgbó wẹ́kú. Inú mi dùn débi pé mo kọrin. Mo ṣì ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ gbìì.

Bàbá ló wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọrùn ọwọ́ òsì ti ń wú. Wọn ò ké. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Kókó dà?"

Kókó wo? Kókó ara igi. Ó wà nísàlẹ̀ igi ìdìmú, ó le, ó yọ síta díẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé wọn ni ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n: bí o bá ti kan kókó, ó ku ìgbésẹ̀ méjì. Lónìí ọwọ́ wọn ò kàn án, wọ́n rò pé ọ̀nà ṣì jìn, ẹsẹ̀ wọn sì lọ gbá ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kun fánísì sí kókó yẹn, àléébù ni mo pè é.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí n dìde lọ mú yìnyín wá, orúnkún mi ò lè wo ọwọ́ àwọn sàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Egungun ò kán, dókítà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì wí tiwọn, ó gùn ju ti dókítà lọ. Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, àwọn ń bọ̀ wá mú Bàbá. Ọkọ̀ parí o, kò parí o. Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mà." Ẹ ṣé, mà! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́rú, 19

Síkúrù: mẹ́rìndínlógún.

Mo gbaná jẹ. Ta ló ń wọ gáréèjì yìí? Èmi, Bàbá, Ó-Kù-Díẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kó mọ́. Ó-Kù-Díẹ̀ ò pariwo. Ó kó ìfági rẹ̀, ó kó ayùn, ó kó ṣísù. Ó ní látìgbà tí òun ti mọ ìdílé yìí, òun ò mú ìṣó kan lọ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó lọ.

Ẹ̀yìn Arúgbó ni Bàbá jókòó sí, agolo lórí itan. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò súfèé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìdí ni Bàbá fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, bí ọmọ ọwọ́. Mi ò lè wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo pinnu láàárọ̀: Arúgbó máa dá kókó padà. Tí ọkọ̀ ò bá ní òpó, kó má ní in.

Ẹ̀yìn ìjókòó ni nọ́ọ̀tì tó di òpó náà mú wà, nítorí náà mo yọ ìjókòó. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kan nǹkan tó mì. Ìdérí kékeré kan, wọ́n gbẹ́ ẹ bá igi dọ́gba débi pé ojú ò lè rí i. Ìka nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Aṣọ ìnujú Bàbá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó. Mo tú u. Síkúrù idẹ. Mẹ́wàá.

Mo gbé e lọ bá Bàbá ní pálọ̀, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n kà á. Wọ́n ní, "Ó pé."

Mo ní kí ló dé, Bàbá?

Wọ́n ní, "Ìwọ náà lo sọ ọ́. O ní ọjọ́ tó bá parí lo máa fi gbé mi lọ."

Rédíò tí mo gbójú lé! Etí tó gbọ́ bí ilé ṣe ń wó látinú ọkọ̀, òun ni mo rò pé rédíò máa dí. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ni mo fi ń sáré parí ọkọ̀ kí inú Bàbá lè dùn, tí Bàbá ń sáré kó má parí. Ojú tì mí. Mo sunkún, mi ò lè purọ́ síbí. Mo ṣàlàyé pé irọ́ ni mo pa fún Ẹ̀gbọ́n nítorí pé ẹ̀rù wọn ń bà mí. Mo ní bí ọkọ̀ bá parí lọ́la, kò síbi tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

Lẹ́yìn náà: "Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú yẹn. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ káfíńtà."

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo lọ bẹ Ó-Kù-Díẹ̀. Ó jẹ́ kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó kó síkúrù, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ọ̀gá mi!" Ó ní Bàbá kọ́ òun níṣẹ́ tán, wọn ò fi ìdérí yẹn han òun.

Ó tẹ̀ lé mi wálé. Kókó ti padà sáyè rẹ̀. Òpó apá òsì Arúgbó ṣófo, mo fi tapólì bò ó.

Ọjọ́ Ajé, 24

Èmi ni mo pe Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú bébà kí n má baà ṣì í sọ. Mo ní Bàbá ò lọ. Mo ní èmi ni mo gé igi tó jẹ́ kí wọ́n ṣubú, kì í ṣe ojú wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé o rò pé mo fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ ni? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé arúgbó tó ṣubú." Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Wọ́n ní Sátidé àwọn ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, àwọn máa fojú ara àwọn rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú àpò òfìfo ńlá kan. Mo mọ ẹrù ẹni tó máa wọ inú rẹ̀.

Bàbá wà lókè. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gòkè lọ mú wọn, Bàbá ké látòkè pé kí wọ́n dúró síbẹ̀. Bàbá ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí igi, ọwọ́ òsì tí a fi báńdéèjì wé wà láyà. Ọwọ́ dé orí kókó. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Méjì." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì, wọ́n sì dúró níwájú Ẹ̀gbọ́n gẹ́lẹ́. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán, Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara wọn wá kókó náà lórí igi, wọ́n ń fọwọ́ pa á bí orí ọmọ. Wọ́n kọ òfin mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òfìfo ni àpò náà bá wọn padà.

Ọjọ́ Ajé, 31

Ó-Kù-Díẹ̀ ti rí igi fún òpó Arúgbó, láti ara ilé ìwé kan tí wọ́n ń tú. Ó dà bíi pé ó máa tẹ̀. Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọkọ̀, agolo lórí itan, wọ́n ń súfèé.

Sátidé, síkúrù jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lónìí, mẹ́rìnlélógún. Mi ò wá wọn.