Kọ̀ǹpútà Zikrullah Àti Owó Ìdána Fàthíà

Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Ìkòyí-Ilé.

Zikrullah Àkàndé, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ẹ gbé ní Ìgàndó níbẹ̀, àìsàn ò ní mọ ojúlé rẹ, iná mànàmáná ò ní jó ohun tó o fi òógùn rà, àmín. Bó o bá ń bèèrè wa, ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Òjò ti rọ̀ dáadáa, gbogbo ayé ló ń ru pákí wá, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fi ń rin pákí kì í sinmi, àwọn tó ra ẹ̀rọ lẹ́yìn mi ti tà á fún àwọn onírin àlòkù. Èmi ò sọ pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ o, àwọn fúnra wọn ló ń sọ ọ́.

O ó máa rò ó pé kí ló dé tí Màámi fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, o ní Màámi mo ń bọ̀, wọ́n fẹ́ pa mí, o sì gé e. Mo ti fẹ́ figbe ta kí n tó rántí pé géèmù ni. Èèyàn ò lè gé lẹ́tà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìwọ ka poli, ṣùgbọ́n wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi kó o wo tìẹ. Mo fi í sínú àpò gàrí, dẹ́rẹ́bà á gbé e fún Fàthíà ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ ní Ìkọ̀tún, torí òun máa ń gbé fóònù.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ níjọ́sí ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní kọ̀ǹpútà tó o fi ń gbá géèmù ti darúgbó, o ò mọ̀ bóyá kó o pààrọ̀ nǹkan méjì mẹ́ta nínú rẹ̀ àbí kó o kúkú ra tuntun, o ní tuntun wù ẹ́ jù, kí n wá dá owó ìdána Fàthíà tó ò ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọdún méjì padà fún ẹ. Owó tí Alájì Raheem, bàbá Fàthíà, ti tìtorí ẹ̀ dá ọjọ́! O ní Alájì á dúró. Ṣé ìwọ lo bí i ni?

Owó náà wà ní báńkì, oṣooṣù ni mo ń lọ wò ó. Mo ní kí ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ kó owó náà jáde kí n fojú rí i, ó tẹ bébà fún mi. Mo ní ṣé bébà la kó fún yín ni? Láti ọjọ́ yẹn máníjà fúnra ẹ̀ ló máa ń dìde kí mi. Wọ́n mọ èèyàn ńlá tí wọ́n bá rí i.

Mo ṣáà ti rí kọ̀ǹpútà yẹn nígbà tí mo wá kí ẹ lẹ́yìn Iléyá. Ó ń tan iná pupa, ó ń tan iná aláwọ̀ ewé, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ tó ń rin pákí onígi. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo ní kó o gbé dúrọ́ọ̀mù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó o fi rọ́bà fa omi sí i lára bí a ṣe ń ṣe sí ẹnjìnnì wa, o rẹ́rìn-ín títí o fi ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì. Tóò. Mo ti ní kí Fàthíà bá mi bi Olúwaníyì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkọ̀tún, ó ní òótọ́ ni màmá sọ, pé omi làwọn olówó fi ń tu kọ̀ǹpútà géèmù tiwọn lára. Ó ní níbo ni màmá yẹn ti kàwé? Máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo wá kí ẹ náà, ọmọ kan tó wà ní Bràsíìlì, tó ò mọ ìyá ẹ̀ tó ò mọ bàbá ẹ̀, yìnbọn pa ẹ́ lẹ́ẹ̀meje níṣojú mi. Mo ní Lá ìláhà, o ní kí n má dààmú, pé ò ń jí padà, pé ẹ̀rọ ló fà á. Lẹ́ẹ̀meje, Àkàndé.

Ẹ̀rọ tí mo fi rán ẹ níléèwé, mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀, mo ti pààrọ̀ ẹnjìnnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ẹ̀ gan-an wẹ́dà ló rọ òmíràn, síbẹ̀ òun náà ni, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá kú nínú ẹ̀ ni mo máa ń sin, mi ò sin gbogbo ẹ̀ rí.

Mo wá pe Fàthíà, mo ní ṣé o gbọ́ pé owó ìdána rẹ fẹ́ di kọ̀ǹpútà? Mo rò pé á sunkún ni, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní eruku ló kún inú ẹ̀rọ yẹn, pé látọjọ́ tó o ti rà á o ò ṣí i wò rí. Ó ní ní Sátidé tí kò bá sí iléèwé tí òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìdímù, òun àtìwọ lẹ jọ máa ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, òun sì máa ń nà ẹ́, pé Sátidé tó kọjá, márùn-ún sí òdo ni. Ó ní ìgbà tí òun nà ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta léraléra lo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀rọ ti gbó. Zikrullah! Ẹ̀rọ kan náà lẹ jọ jókòó tì! Ṣé apá ọ̀dọ̀ tìẹ nìkan ló gbó ni? Mo ní oníbàárà kan bẹ́ẹ̀, kì í bó pákí ẹ̀ dáadáa, tí igi bá wà nínú gàrí ẹ̀, á ní ẹ̀rọ mi ni.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gba gbogbo owó náà jáde, mo wọkọ̀ lọ sílé Alájì Raheem ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó kó o sílẹ̀, mo ní Alájì, ọmọ yín ló ń na ọmọ tèmi ní gbogbo Sátidé, márùn-ún sí òdo, ṣé kò yẹ kẹ́ ẹ yọ nǹkan fún un nínú owó yìí? Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀, ó sì yọ díẹ̀. Èyí tó yọ yẹn ni owó àtúnṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Fàthíà, kì í ṣe ìwọ, òun ló máa dúró ti Olúwaníyì títí á fi gbọn eruku inú ẹ̀ dànù, tí á sì pààrọ̀ èyí tó bá kú níbẹ̀. Ìwọ ni kó o gbé e lọ gbé e bọ̀. Ìdána ò yẹ̀ mọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni, kò sí owó kankan níbì kankan tó o lè bi mí mọ́.

Ohun tó kù báyìí ni pé kó o fi owó bàtà àti gèlè mi ránṣẹ́, torí mi ò lè wọ bàtà ìdí ẹ̀rọ lọ bá àna, kó o sì fi owó díísù tí àwọn ẹ̀rọ mi ń mu lé e. Má fi sí báńkì o, dẹ́rẹ́bà ni kó o fún, òun ni mo mọ ilé ẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o borí níbi iṣẹ́, wàá borí àìsàn, wàá borí ọ̀tá, ọmọ Bràsíìlì yẹn náà, wàá borí ẹ̀. Ti Fàthíà ni mi ò lè bá ẹ ṣàdúà sí, torí mo ti gba ẹ̀dínwó lórí ìyẹn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràbíátù Ẹlẹ́rọ-Mẹ́ta.